Ilé Tó Lọ́ Wọ́ọ́rọ́

Ìyá mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ lójú wọn pé ilé gbóná. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n dé láti Ìlá Ọ̀ràngún, mo ń bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo ní, "Má ṣèyọnu, ilé ti gbóná." Àfi bí Màmá ṣe já ọ̀rọ̀ náà gbà mọ́ mi lẹ́nu: "Ilé kò ní gbóná mọ́ wa. Ilé lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí o wí." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ni wọ́n sọ. Nínú èdè wa, ta ló ń gbàdúrà kí ilé òun gbóná? Ìtura là ń tọrọ, orí tútù là ń fẹ́, àwọn àgbà kì í sì í fi gbogbo ẹnu pe àrùn tó ń jẹ́ ilẹ̀ẹ́gbóná. Àmọ́ ẹ wá gbé Manchester ní oṣù kìn-ín-ní ọdún, nínú ilé bíríkì pupa tí wọ́n kọ́ láyé Ọbabìnrin Victoria, kí ẹ wò ó bóyá ẹ kò ní máa fowó ra ohun tí àwọn baba yín ń fi ẹbọ lé jáde.

Ọ̀rọ̀ tí Màmá sọ yẹn, ọkùnrin kan tí kò gbọ́ Yorùbá ló wá fi ìṣirò tì í lẹ́yìn. Iṣẹ́ ọkùnrin náà ni mo fẹ́ ròyìn.

Whalley Range nilé wa wà, kò jìnnà sí Moss Side tí àwọn ará Áfíríkà àti Karíbíánì pọ̀ sí láti ẹ̀yìn ogun àgbáyé kejì. Yàrá mẹ́rin ló ní, pẹ̀lú ilé ìdáná ńlá kan tí ẹni tó ni ilé náà ṣáájú wa kọ́ mọ́ ọn lẹ́yìn. Bọ́ílà tí a bá níbẹ̀ ti lé lógún ọdún. Rédíétọ̀ inú ilé náà, òmíràn ti pẹ́, òmíràn jẹ́ tàná, kò sí méjì tó bára wọn mu. Bí a bá tan bọ́ílà, ilé ìdáná á dà bí ilé búrẹ́dì, yàrá Màmá tó wà níwájú lẹ́bàá títì á sì dà bíi kóòdù rúùmù àwọn ẹlẹ́ja. Wọ́n á wé gèlè, wọ́n á wọ súwẹ́tà méjì, wọ́n á tún da aṣọ òkè bora.

Ẹni mẹ́ta la pè wá wò ó. Ẹni àkọ́kọ́ ka iye rédíétọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó ní bọ́ílà kíláwátì 35 ló kàn, ó sì ti wà nínú mọ́tò rẹ̀ kí tíì tí mo fún un tó tutù. Ẹnì kejì ní kí a yọ gáàsì kúrò pátápátá, kí a gbé heat pump síta, pé ìjọba á san nínú owó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn létí, ṣùgbọ́n kò wọ yàrá Màmá rárá. Kò sí babaláwo gidi tí í ka ẹbọ kó tó dá Ifá. Àwọn méjèèjì ti ka ẹbọ.

Ẹnì kẹta kò tètè wọlé. Láti ojú fèrèsé ni mo ti rí i tó dúró ní òdìkejì títì, ọkùnrin tó ti sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, ó ń wo ara ilé bí ẹni ń kàwé. Mo jáde lọ bá a. Ó nawọ́ sí ògiri, ó ní kí n wo bí wọ́n ṣe to bíríkì rẹ̀: òmíràn fi ẹ̀gbẹ́ gígùn kọjú sí wa, òmíràn fi orí kọjú sí wa. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń wọlé jáde níbẹ̀, n kò rí i rí. Bíríkì tó bá forí síta, ńṣe ló na ara rẹ̀ já ògiri láti ìta dé inú. Ìyẹn fi hàn pé ògiri náà kì lódidi, kò ní àlàfo láàárín. Ó mú mi lọ sẹ́yìn, níbi ilé ìdáná. Gbogbo bíríkì ibẹ̀ ló dùbúlẹ̀ gbọọrọ. Ògiri méjì ló dúró ti ara wọn níbẹ̀, àlàfo wà láàárín, a sì lè ti nǹkan bọ àlàfo náà tí yóò dá òtútù dúró. Ọkùnrin yìí kò tíì tẹ aago ẹnu ọ̀nà wa, ó ti mọ ibi tí ooru wa ń gbà lọ.

Nígbà tó wọlé, láítà ló kọ́kọ́ yọ, kì í ṣe sípánà. Ó tan án níwájú fèrèsé pálọ̀, ó ní kí n sún mọ́ ọn. Iná mẹ́rin ló hàn nínú gíláàsì náà, nítorí pé awẹ́ gíláàsì méjì ló wà níbẹ̀, ojú mẹ́rin sì ni wọ́n ní. "Wo àwọ̀ wọn," ó ní. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rí bákan náà. Ká ní ọ̀kan yàtọ̀ láwọ̀ ni, a jẹ́ pé wọ́n ti fi èròjà kan pa ojú gíláàsì náà tó máa ń dá ooru padà sínú ilé. Kò sí nínú tiwa. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Yàrá Màmá ló ti pẹ́ jù. Ó kúnlẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ sún mọ́ àlàfo àárín pákó ilẹ̀, ó ń gbé e lọ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́. Màmá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń wò ó. Wọ́n bi mí pé ṣé àdúrà ló ń gbà ni. Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí wọn, ó ní, "Kò ní pẹ́, love." Bí àwọn ará Manchester ṣe ń pe gbogbo ènìyàn nìyẹn, láti orí awakọ̀ bọ́ọ̀sì dé orí alátà. Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀, Màmá ní, "Ìfẹ́ kẹ̀? Ó mà láyà o."

Lẹ́yìn náà ló gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n kan jáde tó ń ta ìtànṣán pupa, ó wọn gbogbo yàrá: gígùn, ìbú, gíga, fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Ó bi wá léèrè ohun tó wà lókè àjà àti lábẹ́ ilẹ̀. Wákàtí méjì àbọ̀ ló lò, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ wíwò àti kíkọ.

Ìṣirò tó ṣe kò ṣòro, ẹni tó bá ka ìwé mẹ́fà á lóye rẹ̀. Ògiri bíríkì àtijọ́ tó kì lódidi ń jẹ́ kí nǹkan bíi wátì 2 kọjá nínú mítà onígun mẹ́rin kan, fún dígírì kọ̀ọ̀kan tí inú ilé fi móoru ju ìta lọ. A fẹ́ kí yàrá Màmá wà ní dígírì 21. Ká ní ìta wà ní 3 nísàlẹ̀ òdo: ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ 24. Ògiri iwájú yàrá náà tó mítà onígun mẹ́rin 10. Fi 10 lọ 2, kí o fi lọ 24: wátì 480 ń gba ara ògiri kan ṣoṣo jáde sí títì, lọ́sàn-án lóru. Ó ṣírò fèrèsé bẹ́ẹ̀, ó ṣírò ilẹ̀ àti àjà, ó ṣírò atẹ́gùn tó ń gba ẹnu ààrò àtijọ́ jáde, yàrá kan lẹ́yìn èkejì. Nígbà tó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ohun tí ilé wa nílò ní alẹ́ tó bá tutù jù kò ju kíláwátì 9 lọ.

Kíláwátì 9, níbi tí ẹlòmíràn ti pe 35! N kò sọ pé ẹni àkọ́kọ́ purọ́ o. Bọ́ílà tó ń sọ omi ìwẹ̀ di gbígbóná lójú ẹsẹ̀ nílò agbára tó pọ̀ tó yẹn fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí ènìyàn fi wẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a lo irú agbára yẹn láti mú ilé móoru, tírélà la gbé lọ ra ata lọ́jà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, nítorí ọmọ àdúgbò ni wátì yìí. Wátì kan kò ju júùlù kan lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. James Prescott Joule tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òṣùwọ̀n náà, Salford ni wọ́n ti bí i ní 1818, odò Irwell nìkan ló sì pààlà láàárín ibẹ̀ àti Manchester. Ìdílé tó ń pọn bíà tà ló ti wá. Ó fi okùn so irin tó wúwo, ó jẹ́ kí irin náà máa wálẹ̀, kí okùn sì máa yí abẹ̀bẹ̀ kan nínú omi, ó wá ń ṣọ́ bí omi náà ṣe ń móoru. Ooru náà kéré débi pé tẹmọ́mítà lásán kò lè rí i. John Benjamin Dancer, oníṣẹ́ ọnà irinṣẹ́ ìwọ̀n ní Manchester, ló bá a ṣe èyí tó lè rí i. Bí ẹ bá dé itẹ́ òkú Brooklands ní Sale, ẹ ó bá nọ́ńbà 772.55 lára òkúta ibojì Joule. Ohun tó rí nìyẹn nígbà tó ń wọn iye iṣẹ́ tó wà nínú ooru. N kò tíì rí ibojì mìíràn tí wọ́n kọ ìṣirò sí lára.

Ọ̀rẹ́ Joule ni William Thomson, tí a wá mọ̀ sí Lord Kelvin. Ní 1852 ni Thomson ti kọ̀wé pé ẹ̀rọ lè fa ooru láti inú afẹ́fẹ́ ìta wọ inú ilé. Ohun tí wọ́n ń pè ní heat pump lónìí nìyẹn. Bí ó bá rú yín lójú, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn fíríìjì yín. Ooru tó wà lára ata àti ẹran inú rẹ̀ ni fíríìjì kó jáde sẹ́yìn yẹn. Heat pump sọ gbogbo òde di inú fíríìjì, ó sì sọ ilé wa di ẹ̀yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá tò ó dáadáa, ìwọ̀n iná mànàmáná kan tó bá jẹ yóò mú nǹkan bí ìwọ̀n ooru mẹ́ta wọlé. Bí wọn kò bá tò ó dáadáa, owó iná á jẹ yín run.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ Màmá ti padà wá. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tó wọn ilé, ọ̀gá yìí kó ìwé ojú mẹ́rìndínlógún wá, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Òun náà fara mọ́ heat pump, àmọ́ ó ní ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí a máa fi dandan lé e pé kí omi rẹ̀ gbóná bíi ti bọ́ílà àtijọ́. Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni iná mànàmáná tó ń jẹ ṣe ń pọ̀ sí i. Omi tí kò ju dígírì 45 lọ, tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tọ̀sán tòru láìdúró, ni òun fẹ́. Mo yíjú sí Màmá, mo ní, "Ọ̀gá ní kò gbọdọ̀ gbóná. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni."

"Ṣé mo wí i àbí n kò wí i?" Màmá dá mi lóhùn. Àmọ́ onísìn ni wọ́n, wọ́n rántí ìjọ Laodíkíà tí Ìwé Ìfihàn bá wí nítorí pé kò gbóná kò tutù. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ̀gá pé inú ilé nìkan ni kó ti ṣe bẹ́ẹ̀, kó má ṣe é nínú ẹ̀sìn.

Ṣùgbọ́n omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní owó tirẹ̀. Iye wátì tí ilé iṣẹ́ ń kọ sára rédíétọ̀, wọ́n gbà pé omi inú rẹ̀ fi dígírì 50 gbóná ju yàrá lọ ni. Bí omi bá wọlé ní 45, tó jáde ní 40, rédíétọ̀ tí wọ́n pè ní wátì 1,000 kò ní mú ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ wá. Rédíétọ̀ ní láti tóbi nìyẹn. Kó tó ra páìpù kan ṣoṣo, ọ̀gá ní kí a kọ́kọ́ dí àlàfo ilẹ̀ yàrá Màmá, kí a dí ẹnu ààrò mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò dáná sí mọ́, kí a sì tẹ́ nǹkan tó nípọn sókè àjà. Ó ní owó tí a bá ná síbẹ̀ á dín ohun tí a máa rà lọ́wọ́ òun kù. Ìgbà yẹn gan-an ni ìyàwó mi wò mí lójú, tí mo mọ̀ pé a ti rí ẹni tí a ń wá.

Ó bi wá ní ìbéèrè tí a kò retí. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, òru ló ń ṣiṣẹ́, ọ̀sán ló ń sùn. Yàrá wa kò gbọdọ̀ tutù ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ bíi ti ilé tí gbogbo ènìyàn ti jáde. Ta ló ń wẹ̀, ìgbà wo, báwo ló ṣe ń pẹ́ tó? Àwọn ọmọ ń dúró sábẹ́ ṣáwà bí ẹni dúró sábẹ́ òjò àkọ́rọ̀. Màmá ní tiwọn ń fi garawa kan àti igbá wẹ̀, omi á sì ṣẹ́kù. Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀, ó lò ó láti mọ bí táńkì omi gbígbóná ṣe máa tóbi tó.

Ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí kò gba àkókò, nítorí kò dúró kí a béèrè. Ní ilẹ̀ yìí, òfin kò gbà kí ẹni tí kò sí nínú ìwé Gas Safe Register fọwọ́ kan gáàsì. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 2009 ni wọ́n ti gbapò CORGI tí àwọn tó ti pẹ́ níbí ṣì ń dárúkọ. Káàdì wọn ní fọ́tò lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ló yẹ kí ènìyàn kà, torí ibẹ̀ ni wọ́n to irú iṣẹ́ tí ẹni náà lẹ́tọ̀ọ́ sí sí. Ó yí i padà fún mi fúnra rẹ̀. Ti táńkì omi gbígbóná ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀. Ti heat pump, MCS ni, nítorí láìsí i, ìjọba kò ní san £7,500 tó ń san láti oṣù kẹwàá 2023 fún ẹni tó bá yọ bọ́ílà gáàsì kúrò. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ó fún wa ní nọ́ńbà onílé kan ní Chorlton tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti rí ìgbà òtútù méjì, ó ní kí a lọ béèrè ohun tó bàjẹ́, kì í ṣe ohun tó dára.

Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, èmi náà di òǹwòran nínú ilé ara mi. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló bá a wá. Ẹ wo bí ọmọ náà ṣe ń jó páìpù bàbà pọ̀. Ó fi irun irin ha ẹnu páìpù títí ó fi ń dán bí òrùka ìyàwó, ó fi ọ̀rá kan pa á, ó tì í bọ ibi ìsopọ̀. Èmi rò pé yóò yọ́ lẹ́ẹ̀dì lé àlàfo náà lórí bí ẹni ń kán àbẹ́là ni. Rárá. Ẹ̀gbẹ́ kejì ló ti ń finá ra á. Nígbà tí bàbà ti gbóná tó, ó kàn fi ẹnu lẹ́ẹ̀dì kan àlàfo náà, bàbà sì fà á mu wọ inú, òrùka fàdákà tín-ín-rín kan yọ yí i ká. Ó fi àkísà nù ún lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ sórí òmíràn. Lẹ́ẹ̀dì ni àwọn tó ń tún rédíò ṣe nílé ń pè é, kò sí òjé nínú èyí tí wọ́n ń lò fún páìpù omi mọ́. Ọ̀gá rẹ̀ kò sọ̀rọ̀. Ó fi ìka yí ibi ìsopọ̀ náà ká lábẹ́ tí ojú kò dé, ó mi orí. Ìyìn tó fún un nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n tú rédíétọ̀ àtijọ́, omi tó jáde dúdú kirikiri. Ẹni tó bá ti gbé London rí mọ èépá funfun tí í dì sínú kẹ́tù; omi ibẹ̀ le. Ti Manchester rọ̀, láti inú adágún àwọn òkè Cumbria ló ti ń wá. Ti Thirlmere ti ń sàn wá síbí láti 1894, máìlì 96, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ nìkan ló ń gbé e wá, kò sí pọ́ǹpù. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí níbí kì í fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù èépá. Ìpẹtà irin ló ń bẹ̀rù, irin tó ń jẹrà díẹ̀díẹ̀ nínú rédíétọ̀, tó ń di ẹrẹ̀, tó ń dí ọ̀nà omi. Màmá yẹjú wo garawa náà, wọ́n ní, "Tìróò rèé!" Ó jọ ọ́ lóòótọ́. Wọ́n fi omi ṣan gbogbo páìpù títí omi fi mọ́ gaara, wọ́n da oògùn ìpẹtà sí i, wọ́n sì fi òòfà sójú ọ̀nà omi láti máa mú èyí tó bá tún yọ.

Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ni ì bá gbowó lọ níbẹ̀. Ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́, rédíétọ̀ ti móoru. Ní ojú tèmi, ọjọ́ kejì yẹn gan-an ni iṣẹ́ ọ̀gá yìí bẹ̀rẹ̀.

Omi inú páìpù dà bí ọmọ tí ebi ń pa. Èyí tó jókòó ti ìkòkò á bu tirẹ̀ tán, á tún bu ti ẹni tó wà lókèèrè. Ilé ìdáná ló sún mọ́ ẹ̀rọ, yàrá Màmá ló jìnnà jù. Ìdí tí ti tẹ́lẹ̀ fi rí bó ṣe rí nìyẹn. Ní ẹsẹ̀ rédíétọ̀ kọ̀ọ̀kan, fáàfù kékeré kan wà tí ike funfun bò, tí ọ̀pọ̀ onílé kò mọ̀ pé ó wà. Ọ̀gá ṣí gbogbo rẹ̀. Ó so tẹmọ́mítà méjì mọ́ páìpù, ọ̀kan níbi tí omi ti ń wọ rédíétọ̀, ọ̀kan níbi tó ti ń jáde. Dígírì 5 ló fẹ́ kó wà láàárín wọn, ní gbogbo yàrá. Ti ilé ìdáná, 2 péré. Omi ń sáré kọjá níbẹ̀. Ó fi sípánà há fáàfù náà díẹ̀, kò tó ìdámẹ́rin ìyípo. Ó dìde, ó lọ sí yàrá Màmá, ó wò: 9. Ó padà wá. Ó tún há a díẹ̀. Bí o bá ti fọwọ́ kan ọ̀kan, gbogbo ìyókù á yí padà, ìdí nìyẹn tí a kò fi lè kánjú. Ó máa ń dúró, ó máa ń mu tíì, ó máa ń gbọ́ bí omi ṣe ń lọ. Rédíétọ̀ mẹ́wàá, odidi ọjọ́ kan àti ìlàjì ọjọ́ kejì, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ṣe ju kó yí fáàfù bíńtín lọ. Mo rántí Joule àti tẹmọ́mítà tí Dancer ṣe fún un.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó pè mí sí yàrá Màmá. Tẹmọ́mítà kan ní 45, èkejì ní 40. Màmá ti sùn lọ sórí àga, súwẹ́tà kan ṣoṣo ló wà lọ́rùn wọn.

Kó tó lọ, ó kọ orúkọ yàrá kọ̀ọ̀kan sínú ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù táńkì pẹ̀lú pẹ́ńsù, ó kọ iye ìyípo tí fáàfù rẹ̀ ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilé ìdáná, ìdámẹ́rin. Yàrá àwọn ọmọ, ìlàjì. Yàrá Màmá, mẹ́ta odidi. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kàn án. Mo ti fi Yorùbá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀, nítorí àlejò.